Ìdámẹ́wàá Tí Mo Yọ Láti Inú Ojú Owó

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Mo kí Bàbá Kátíkíìsì, mo kí ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí lónìí, torí láti àná ni àyà mi ti ń já. Mo dúpẹ́ pé ó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi mọ àṣìṣe mi. Ẹlòmíràn kú sínú tiẹ̀ láìmọ̀. Ẹ bá mi pariwo halelúyà!

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni Ìyá Fọlákẹ́ tó ń ta epo òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbí ní Kétu. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, bí ẹ bá ti gbóòórùn kẹrosíìnì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má wá a jìnnà, èmi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni mo fẹ́ sọ.

Mo wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe gbà mí lọ́wọ́ ọ̀tá tó ń jẹ owó mi. Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀tá yẹn fi ń jẹ ẹ́. Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo bú u nínú àdúrà débi pé ohùn mi há. Ìgbà tí Ọlọ́run wá fi ojú ẹ̀ hàn mí, ẹ̀yin ará, ojú ara mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé ọkọ mi ta ilẹ̀ kan fún ará Èkó, ilẹ̀ tó kọjú sí títì Ìkòròdú. Wọ́n pín owó ẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì kan Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ilé wa máa ń fi owó ilẹ̀ ṣe. Òmíràn ra kẹ̀kẹ́, òmíràn fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, òmíràn kàn ń ra ọtí fún ẹnikẹ́ni tó bá ti kí i pẹ̀lẹ́. Ọkọ tèmi kó gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kí n fi owó ẹ̀ ṣòwò kí Fọlákẹ́ lè kàwé dé ibi tí orí ẹ̀ bá gbé e dé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, oko ẹ̀fọ́ ẹ̀ ló mọ̀.

Mo ro ó, mo tún un rò. Mo ní láti Ìkòsí títí dé Alápẹ̀rẹ̀, ilé wo ni wọn kì í ti í tan fìtílà? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ epo òyìnbó nìyẹn. Mò ń wọ bọ̀lẹ́kájà lọ sí Èbúté Mẹ́ta, mò ń ra garawa kọ̀ọ̀kan ní ṣílè mẹ́wàá, mo sì ń gbé e bọ̀ wá wọ̀n ní ìgò-ìgò fún àwọn èèyàn. Bí garawa kan bá tán, ṣílè mẹ́wàá àti sísì ló máa ń wà lọ́wọ́ mi. Sísì yẹn, ìdajì ṣílè, ni èrè. Ó kéré, mo mọ̀, àmọ́ epo òyìnbó kì í pẹ́ tà. Garawa mẹ́wàá ni mò ń tà lọ́sẹ̀ kan.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ òwò náà ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run pé n ò ní jẹ ìdámẹ́wàá ẹ̀ láé. Bí mo bá ti ta garawa kan tán báyìí, kí n tó ra iyọ̀, kí n tó ra ata, mo ti yọ ṣílè kan sọ́tọ̀. Ṣílè kan nínú mẹ́wàá. Mo máa so ó mọ́ etí aṣọ mi, ó di ọjọ́ Ìsinmi kí n tó tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ohun tí mo sọ yẹn dáadáa. Sísì ni mo jèrè. Ṣílè kan ni mò ń mú wá síbí.

Mo rí i tí Bàbá kan ti ń mi orí níwájú yìí. Wọ́n ti rí i kíákíá. Èmi tí mo ni òwò, n ò rí i.

Kí ló dí mi lójú? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí ẹni tó bá bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í gbádùn. Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ wa, bí wọ́n bá ti ṣe ìfilọ̀ tán, akọ̀wé máa ń dìde ka orúkọ gbogbo ẹni tó mú ìdámẹ́wàá wá àti iye tí kálukú mú wá. Ẹlòmíràn, sísì. Ẹlòmíràn, ṣílè kan àti tọ́rọ́. Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan, akọ̀wé ní, “Ìyá Fọlákẹ́, ṣílè mẹ́wàá.” Háà! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Tíṣà pàápàá tó ń gbowó oṣù yíjú wò mí. Mo tẹ orí mi ba bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn bí ẹni jẹ oyin. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá jókòó lórí àga iwájú. Mo sì ti ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ará, ìgbà tí mo bá ń wọn epo, ohùn akọ̀wé ló máa ń wà létí mi. Kì í ṣe ohùn Ọlọ́run.

Owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo dé Èbúté Mẹ́ta lọ́jọ́ kan, owó ọwọ́ mi kò ra garawa mẹ́wàá mọ́, mẹ́jọ ló rà. Nígbà tó yá, mẹ́fà. Bí mo bá ta mẹ́fà, ṣílè mẹ́fà ló yẹ kí n mú wá síbí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ní rárá. Kí akọ̀wé wá ka mẹ́fà fún èmi tí wọ́n ti ń ka mẹ́wàá fún? Mo yọ mẹ́rin láti inú owó tó kù fún ọjà, mo fi kún un. Wọ́n ka mẹ́wàá. Mo tẹ orí mi ba.

Nígbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń jẹ owó mi. Mo sì rí ẹni tí mo máa rí. Ìyá Ràmọ́tà ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, tí a jọ ń gbé nínú agbo ilé kan náà. Kí ni Ìyá Ràmọ́tà ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń wá ra epo lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́, owó tó bá san fún mi sì máa ń tutù lọ́wọ́ torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀fọ́ tán ni. Mo ní, ẹ gbọ́, owó tútù! Owó tútù tí obìnrin yìí ń fún mi ló ń fa ìyókù lọ. N ò jẹun lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Bó bá ránṣẹ́ ra epo, mo ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ garawa wà lẹ́yìn mi. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí, mo dárúkọ ẹ̀ àti orúkọ ìyá ẹ̀. Ọlọ́run tó dákẹ́ tí kò dá mi lóhùn nígbà yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Ẹ ṣé.

Fọlákẹ́ ọmọ mi wà ní Sitándádì Fọ́ọ̀, ìyẹn kíláàsì kẹrin, nígbà yẹn. Ó ti sukúù dé lọ́jọ́ kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń wọn epo, ó gbé síléètì ẹ̀ lé itan, ó ń kọ nǹkan. Ó wá ní, “Ìyá mi, wọ́n kọ́ wa ní ìṣirò èrè àti òfò lónìí. Mo fi epo yín ṣe é. Ẹ máa jèrè sísì, ẹ máa wá yọ ṣílè kan. Òfò sísì ni lórí garawa kọ̀ọ̀kan. Owó yín máa tán, Ìyá mi.”

Mo fọ́ ọ létí.

Mo ní ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń bá Ọlọ́run lò? Mo ní ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní sukúù nìyẹn, kí o máa bá Ẹlẹ́dàá ṣírò owó? Ọmọ yẹn kò sunkún. Ó kàn fi ọwọ́ nu ohun tó wà lójú síléètì ẹ̀ kúrò, ó dìde, ó lọ gbọ́n omi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni o.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ lọ tí wọ́n lé e wálé nítorí owó sukúù. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ṣílè mẹ́fà ni owó táàmù yẹn. Ṣílè mẹ́wàá wà ní etí aṣọ mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo ti so ó de ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún un pé kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, mo tún ní kó ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tíṣà ẹ̀ fúnra ẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòsí wá bá mi. Ó ní, “Mọ́mì, ọmọ yín yìí lórí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jókòó sílé.” Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run máa pèsè. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ti pèsè. Ohun tó pèsè wà ní etí aṣọ mi, èmi ni n ò tú u.

Mo mú Fọlákẹ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin ni, bó bá ti mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó tó. Obìnrin náà ní kò ní gba owó lọ́wọ́ wa bí Fọlákẹ́ bá ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Bàbá ẹ̀ bá wa gbé ẹní ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dá dúró níbẹ̀, ó sì bi mí léèrè, “Níbo ni owó ilẹ̀ yẹn wà?” Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí láti ọjọ́ tó ti kó o fún mi nìyẹn. Mo ní ọ̀tá ni. Ó yí padà, ó lọ sóko.

Ọjọ́ tí mo wá lọ sí Èbúté Mẹ́ta tí owó ọwọ́ mi kò tó ra garawa kan, ẹsẹ̀ ni mo fi rin apá kan ọ̀nà bọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Kátíkíìsì ni mo gbà lọ tààrà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe àdúrà ìdáǹdè, àjẹ́ ti jẹ mí tán, mo sì mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde jókòó ná. Wọ́n ò kọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n ní, “Ìyá Fọlákẹ́, èló lẹ̀ ń ra garawa kan?” Mo sọ fún wọn. “Èló lẹ̀ ń tà á?” Mo sọ. “Èló lẹ̀ ń yọ fún Ọlọ́run?” Mo sọ ọ́ gàràgàrà, torí ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Wọ́n na ọwọ́ sí inú agbọ̀n ìyàwó wọn, wọ́n bu ekùrọ́, wọ́n tò ó sórí bẹ́ǹṣì. Ekùrọ́ kan, sísì kan. Wọ́n to èyí tí mo fi ra epo, wọ́n to èyí tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹyọ kan péré ló fi lé. Wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi mú ìdámẹ́wàá mi kúrò. Mo na ọwọ́, mo mú ekùrọ́ méjì. Ẹyọ kan ló jẹ́ èrè, inú owó epo ni èkejì ti jáde.

Wọ́n ní, “Kò sí àjẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí owó bá bí ni Ọlọ́run ní ká dá ìdámẹ́wàá ẹ̀ fún òun. Kò ní ká máa gé ìyá tó ń bí i.”

Ẹ̀yin rò pé mo yọ̀? Inú bí mi! Mo fẹ́ kó jẹ́ àjẹ́. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ni, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn mi. Mo sọ fún Bàbá pé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gba owó náà, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, “Òótọ́ ni, èmi náà jẹ̀bi. Mo rí ṣílè, n ò béèrè ibi tó ti ń wá.” Ìgbà yẹn ni ara mi rọ̀. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n tó wá padà rà á ní pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo sunkún débi pé ìyàwó Bàbá jáde wá láti ilé ìdáná.

Mo lọ bá Ìyá Ràmọ́tà. Mo kúnlẹ̀, mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ó ń di ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ìyàwó, mo mọ̀ pé o gbààwẹ̀ lé mi lórí, ògiri ilé wa kò nípọn. Èmi náà gba ààwẹ̀ tèmi lọ́dún yẹn. Àmọ́ n ò dárúkọ ẹ nínú ẹ̀, àfi bí mo bá ń tọrọ àlàáfíà fún ilé.” Ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó wọlé, ó sì mú ṣílè mẹ́wàá jáde. Ó ní kí n fi ra garawa kan, kí n dá a padà nígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Owó náà tutù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Garawa kan yẹn ni mo fi tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kátíkíìsì kọ́ mi. Wọ́n fún mi ní agolo mílíìkì mẹ́ta. Wọ́n ní ṣílè mẹ́wàá tí mo fi ra epo, agolo ẹ̀ nìyí, bí ebi bá ń pa mí kú, n ò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí i, torí kì í ṣe tèmi, ti garawa tó ń bọ̀ ni. Èrè, agolo ẹ̀ nìyí. Inú èrè ni ti Ọlọ́run ti ń jáde, inú ẹ̀ náà ni ti ọbẹ̀. Ìyókù, bó ti wù kó kéré, ó ń lọ sí agolo kẹta, orúkọ Fọlákẹ́ ni mo sì fi pè é. Mo tún dẹ́kun àwìn títà. Ẹ bínú sí mi nínú ìjọ yìí nítorí àwìn, mo mọ̀ yín. Ẹ máa bínú lọ.

Mo ti dá owó Ìyá Ràmọ́tà padà. Garawa mẹ́rin ni mò ń rà báyìí, ojú owó mi pé pérépéré, n ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ yin Olúwa! Ìdámẹ́wàá mi ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tó tọ́rọ́, ìdajì sísì. Mo sì sùn dáadáa.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó sọnù la rí padà. Agolo kẹta kún, mo gbé e lọ bá ọ̀gá sukúù. Ó dára sí mi. Ó ní àwọn máa gba Fọlákẹ́ padà sí Sitándádì Fáìfù. Mo sáré dé Alápẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọmọ yìí máa fò mọ́ mi. Kò fò. Ó ti ga. Ọdún méjì ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ará. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dúró, ó ní, “Ìyá mi, àwọn ẹgbẹ́ mi ti fẹ́ jáde. Àwọn tí mo máa bá jókòó, mo ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́, òun máa rò ó. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Sukúù máa wọlé lọ́jọ́ Ajé ọ̀la. Kò tíì dá mi lóhùn. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ní ìjókòó kẹta lẹ́yìn, òun ló wọ aṣọ búlúù tó rán fúnra ẹ̀ yẹn. Fọlákẹ́, má tẹ orí ba. Wò mí.

Wọ́n ní àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá síbí, níwájú gbogbo àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n máa pọ́n mi lé, kí n má baà lè sá padà. Ọmọ mi, o ṣírò ó re. Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ṣì í, mo wá fi ọwọ́ mi lé ọ kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní òótọ́. Jọ̀ọ́, foríjì ìyá ẹ. Mo ti san owó táàmù náà, yálà o lọ tàbí o ò lọ. Bí o bá lọ, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí o ò bá lọ, màá ṣì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò sì ní wá ẹlòmíràn tí màá dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin ará, ògo ni fún Ọlọ́run tó là mí lójú. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ gbé orin kan, èyí tó bá ti wù yín. Ẹ máa kọ ọ́ lọ, màá bá yín gbè é tó bá yá. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ rìn dé ìjókòó kẹta lẹ́yìn yẹn.